Ṣé Ti Kọ̀ǹpútà Ni Tàbí Ti Tẹlifóònù? Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Owó Ibodè Lórí Káàdì Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Yúróòpù

Ohun tí ẹjọ́ yìí dá lé lórí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bọ́ọ̀dù kan ni, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó àwọn chip, capacitor, resistor àti ihò tí wáyà ń wọ̀ mọ́ lára, tí wọ́n sì ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kí ó lè bá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọ́fíìsì kan náà sọ̀rọ̀. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni à ń pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀, irú káàdì bẹ́ẹ̀ ń wọ Yúróòpù láti òkèèrè lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ti tò ó pọ̀ tán kó tó dé èbúté. Ìbéèrè tí oníbodè ní láti dáhùn kó tó gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹrù dà bí èyí tí ọmọdé lè dáhùn: kí ni nǹkan yìí? Ìgbìmọ̀ méjì ti Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní Geneva àti ilé ẹjọ́ kan ní Luxembourg ló fọwọ́ kan ìbéèrè náà kí wọ́n tó rí ìdáhùn rẹ̀.

Kí a tó wọ inú ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí títò pọ̀ ń ṣe sí ẹ̀yà ẹ̀rọ nínú ìwé owó ibodè. Nínú ètò ìsọ̀rí ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí HS, chip ní ìsọ̀rí tirẹ̀, 85.42. Bọ́ọ̀dù tí wọn kò tíì jó nǹkan kan mọ́ wà ní 85.34, capacitor wà ní 85.32, resistor sì wà ní 85.33. Bí ẹnì kan bá kó wọn wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àríyànjiyàn kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tí wọ́n bá ti jó wọn pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù nílẹ̀ òkèèrè, àwọn orúkọ àtijọ́ yẹn ti parẹ́. Ohun tuntun ló dé èbúté, iṣẹ́ tí ohun tuntun náà ń ṣe ni oníbodè yóò sì fi wá orúkọ fún un. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń da ìbéèrè yìí pọ̀ mọ́ ìbéèrè ibi tí wọ́n ti tò ó. Ọ̀rọ̀ orírun ọjà ni ìyẹn, ó sì lè mú kí owó ibodè dín kù tàbí kó lé sí i bí àdéhùn bá wà láàrin orílẹ̀-èdè méjì, ṣùgbọ́n kò kan ohun tí ọjà náà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni títú ẹ̀rọ palẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí òfin kejì nínú àwọn òfin ìtumọ̀ HS sọ pé ohun tí a kó wọlé ní títú, bí ẹ̀yà rẹ̀ bá pé, ìsọ̀rí ohun tí a ti tò pọ̀ ni yóò wọ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1988 ni àdéhùn HS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àjọ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé tó fi Brussels ṣe ibùjókòó ló sì ń bójú tó o. Ẹyọ nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù jáde ní Hamburg náà ni wọ́n fi ń kó o jáde ní Apapa, ní Cotonou àti ní Lomé, níbi tí ìwé owó ibodè àjùmọ̀lò ECOWAS ti ń fi nọ́ńbà tirẹ̀ kún un lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹjọ́ Yúróòpù yìí kò jìnnà rárá sí ẹni tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà.

Ìsọ̀rí méjì ló ń fa káàdì náà mọ́ra nígbà náà. 84.71 ni ti ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátà fúnra rẹ̀, èyíinì ni kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀. 85.17 ni ti ẹ̀rọ tẹlifóònù àti tẹligíráàfù tó ń lo wáyà. Àkíyèsí karùn-ún tó wà níwájú Orí 84 ló pààlà láàrin wọn. Apá kan rẹ̀ sọ pé ohunkóhun tí a bá lè so mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an, tàbí kí a so ó mọ́ ọn nípasẹ̀ ẹ̀ka mìíràn, tí a sì dìídì ṣe fún irú ètò bẹ́ẹ̀, tó lè gba dátà tàbí kó fi dátà jáde lọ́nà tí kọ̀ǹpútà lè lò, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni. Apá mìíràn sọ pé ẹ̀rọ tó bá ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe tirẹ̀, bó tilẹ̀ ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ pọ̀, ìsọ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò lọ. Inú gbólóhùn kejì yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ṣé gbígbé dátà láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn jẹ́ iṣẹ́ tó dá dúró, àbí apá kan iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni?

Àwọn oníbodè Yúróòpù fúnra wọn kò fẹnu kò. Òfin ibodè ibẹ̀ fún oníṣòwò láyè láti béèrè ìsọ̀rí ọjà rẹ̀ kí ó tó kó o wọlé, kí kọ́sítọ́ọ̀mù sì fún un ní ìwé ìdánilójú tí yóò de ọwọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ìṣọ̀kan náà. Ọdún mẹ́fà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń lò nígbà náà. (Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ti Nàìjíríà tó jáde lọ́dún 2023 náà fi àyè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, inú mi sì dùn sí i.) Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Áyálándì fún àwọn oníṣòwò ní ìwé tó sọ pé 84.71 ni ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, pé ti kọ̀ǹpútà ni. Ní Jámánì, ìwé tí wọ́n ń fún oníṣòwò sọ pé 85.17 ni, pé ti tẹlifóònù ni. Káàdì kan náà, láti inú páálí kan náà, ń yí orúkọ padà bó bá ti gba èbúté mìíràn wọlé, bẹ́ẹ̀ ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n pe gbogbo Yúróòpù, òfin owó ibodè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò.

Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ń dúnàádúrà owó ibodè nínú ìpàdé ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Uruguay, tí wọ́n sì fọwọ́ sí àbájáde rẹ̀ ní Marrakesh ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1994. Yúróòpù ṣèlérí nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ pé owó tí òun yóò máa gbà lórí ohun tó wà ní 84.71 kò ní kọjá iye kan, ó sì ṣe irú ìlérí kan náà lórí 85.17, ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà ló rọjú. Kò sí ìlà kankan nínú ìwé àdéhùn náà tó dárúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ta káàdì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Dublin àti London, wọ́n sì gbà pé inú ìlérí 84.71 ni ọjà wọn wà. Wọn kò béèrè kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe tó bí gbogbo ẹjọ́ ọjọ́ iwájú nìyẹn, àánú wọn sì ń ṣe mí, nítorí pé ìwé ìjọba ni wọ́n gbọ́kàn lé, kì í ṣe àhesọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù gbé ìlànà 1165/95 jáde. Ó fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí 85.17 fún gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà nínú ìṣọ̀kan náà nígbà yẹn. Ìwé ìdánilójú tí Áyálándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fún àwọn oníṣòwò kò wúlò mọ́. Owó ibodè lé sí i fún ọjà tí kò yí padà rárá.

Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Geneva ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 1997, ó pe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áyálándì náà lẹ́jọ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀sùn náà kò lọ́jú pọ̀. Abala Kejì GATT, àdéhùn àgbáyé lórí owó ibodè àti òwò, sọ pé orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ fi ọjà ẹlòmíràn sí ipò tó burú ju èyí tó ṣèlérí nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ lọ, Amẹ́ríkà sì ní Yúróòpù ti ṣe bẹ́ẹ̀ nípa kíkó káàdì kúrò ní ìsọ̀rí tí owó rẹ̀ kéré lọ sí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà tó lè gba tẹlifíṣọ̀n kún ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n apá yẹn kò fẹsẹ̀ rinlẹ̀.

Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ gbé ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1998. Ó dá Amẹ́ríkà láre lórí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìrètí tó tọ́ ni ìdájọ́ náà dúró lé. Wọ́n ní ẹni tó ń kó ọjà lọ sí ilẹ̀ mìíràn ní ẹ̀tọ́ láti retí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọjà òun nígbà ìdúnàádúrà ni wọn yóò máa ṣe sí i lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá nígbà tí ìwé láti ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́. Wọ́n fi kún un pé Yúróòpù tó kọ ìlérí ló yẹ kó là á yé ènìyàn bí ìtumọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ dojú rú, pé kì í ṣe Amẹ́ríkà ló yẹ kó béèrè. Ẹni tó bá ti ń ṣòwò rí, tí oníbodè sì ti yí ohùn padà mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọdún kan, yóò fẹ́ràn ìdájọ́ yìí.

Yúróòpù pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Ìgbìmọ̀ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, àwọn orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Mo ti ka àlàyé wọn ju ìgbà kan lọ, mo sì gbà pé òfin wà lẹ́yìn wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dun oníṣòwò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìwé àdéhùn owó ibodè jẹ́ apá kan àdéhùn láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, bí a sì ṣe ń túmọ̀ àdéhùn ni pé kí a wá ohun tí gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i jọ ní lọ́kàn. Ohun tí apá kan nìkan ń retí nínú ọkàn tirẹ̀ kò lè di ìtumọ̀ àdéhùn.

Wọ́n tún rí àbùkù mìíràn, òun ló sì wọ̀ mí lára jù. Níwájú ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́, kò sí èyí tó sọ nínú Amẹ́ríkà àti Yúróòpù pé kí wọ́n wo HS àti ìwé àlàyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orí HS ni wọ́n jókòó lé tí wọ́n fi dúnàádúrà! Àkíyèsí karùn-ún tí mo mẹ́nu bà lókè, tí ó jẹ́ ààlà gan-an, kò jẹ́ òpó ẹjọ́ náà. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí méjì ń jà sí ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lọ wo ibi tí wọ́n gbin pèrègún sí. Lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ wo bí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ń pe ọjà náà, ó sì kọ̀ láti wo bí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe ń pè é nílé. Yúróòpù ti sọ pé Amẹ́ríkà pàápàá ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ti tẹlifóònù lásìkò ìdúnàádúrà náà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, Ìgbìmọ̀ Kòtẹ́milọ́rùn sì sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní èdè òfin: ìṣe ẹni tó ń gba ọjà wọlé ṣe pàtàkì gidigidi, ṣùgbọ́n kò tọ́ láti sọ pé ìṣe ẹni tó ń kó o jáde kò já mọ́ nǹkan kan. Ní ti ẹni tó yẹ kó béèrè àlàyé, wọ́n ní ìdúnàádúrà jẹ́ fún mi kí n fún ọ, ẹni tó ń kó ọjà jáde ló sì gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ohun tí wọ́n ṣèlérí fún òun wà nínú ìwé lọ́nà tí yóò dáàbò bo ọjà òun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí Ìgbìmọ̀ Kòtẹ́milọ́rùn kò sọ. Kò sọ pé 85.17 ni káàdì náà wà. Kò sọ pé 84.71 ni. Ohun tó sọ ni pé ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ gbà dé ibi tó dé kò tọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1997, ìgbìmọ̀ HS tó wà ní Brussels ti pinnu pé kọ̀ǹpútà ló ni àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Ìpinnu yìí dé iwájú àwọn adájọ́ Geneva, ṣùgbọ́n Yúróòpù dáhùn pé òun ti kọ ìwé àìfaramọ́, pé ìpinnu ọdún 1997 kò lè sọ bí nǹkan ṣe rí ní 1993 àti 1994, àti pé owó ibodè ni ẹjọ́ náà dá lé lórí, kì í ṣe ìsọ̀rí. Ìdáhùn tó kẹ́yìn yìí ló jẹ́ kí Geneva parí ẹjọ́ láìdáhùn ìbéèrè tí oníbodè ń béèrè lójoojúmọ́.

Àwọn tó dáhùn rẹ̀ ni àwọn tó ń sanwó náà gan-an. Ilé iṣẹ́ Peacock AG ní Jámánì ti kó káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé láàrin ọdún 1990 sí 1995, ọ̀rọ̀ òun àti kọ́sítọ́ọ̀mù Paderborn kò sì wọ̀ lórí ìsọ̀rí. Ní Áyálándì, ilé iṣẹ́ Cabletron, tó jẹ́ ti ará Amẹ́ríkà, bá àwọn agbowó-orí ìjọba fa irú ọ̀rọ̀ kan náà lórí onírúurú ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹjọ́ méjèèjì dé Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù tó wà ní Luxembourg. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí Amẹ́ríkà ń retí. Oníṣòwò kan ló dúró síwájú adájọ́ pẹ̀lú káàdì àti ìwé HS.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 2000, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ Peacock. Wọ́n mú Àkíyèsí karùn-ún, wọ́n fi wọn káàdì náà ní ẹsẹẹsẹ. Ṣé kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ṣe é fún? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé a ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà gan-an? Bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ ni a ń kì í bọ̀. Ṣé ó ń gba dátà, tó sì ń fi dátà jáde lọ́nà tí kọ̀ǹpútà lè lò? Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó wá ku iṣẹ́ àkànṣe. Wọ́n ní káàdì náà kò ní iṣẹ́ kankan tó lè ṣe bí kò bá sí kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ ọ́ sílẹ̀, kò lè gbé ohùn, kò lè gbé lẹ́tà kan ṣoṣo. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó yà sọ́tọ̀. 84.71 ni ibi tó tọ́ fún un láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ìdájọ́ Cabletron tọ ipa kan náà, wọ́n sì sọ pé ibi tí ìlànà 1165/95 ti fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí 85.17 kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin.

Lójú mi, ìdájọ́ Luxembourg yìí ló dára jù nínú gbogbo ìwé ẹjọ́ náà, kì í ṣe torí pé oníṣòwò ló jàre, bí kò ṣe torí pé wọ́n gbé ohun náà lé tábìlì, wọ́n sì wo ohun tó ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ ìlànà 1995 wo ọ̀nà tí dátà ń gbà lọ, wọ́n rí wáyà, wọ́n sì rántí tẹlifóònù. Adájọ́ wo ibi tí káàdì náà wà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún. Mo rò pé bí àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà bá ti mú Àkíyèsí karùn-ún lọ́wọ́ dé Geneva ní 1997, ẹjọ́ wọn ì bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju bó ti ní lọ.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń jà yìí, owó tí wọ́n ń jà sí ń tán lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1996, ní Singapore, àwọn olùkópa mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọjà ìmọ̀ ẹ̀rọ ìròyìn, pé kí owó ibodè lórí wọn di òdo nígbà tó bá fi máa di ọdún 2000. Àwọn tó kọ àdéhùn náà ti mọ̀ pé ìsọ̀rí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí náà wọn kò fi nọ́ńbà dè é. Wọ́n kọ orúkọ ohun náà sílẹ̀ ní kíkún, títí kan bọ́ọ̀dù tí a ti jó nǹkan mọ́ tí a óò kì bọ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ní ibi yòówù tó bá wà nínú HS, òdo ni owó rẹ̀. Ohun tí wọn kò kọ sílẹ̀ ní Marrakesh ni wọ́n kọ ní Singapore. Láti ìgbà náà, ohun tó kù fún oníṣòwò láti jà fún ni owó tó ti san lórí ẹrù àtijọ́, ìyẹn gan-an ló sì wà nínú ẹjọ́ Peacock.

Àtúnṣe HS tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2007 wá yí ọ̀rọ̀ náà po pátápátá. Wọ́n tún 85.17 kọ kó lè gba gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn, àwòrán tàbí dátà mìíràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọ́fíìsì pẹ̀lú. Wọ́n sì fi gbólóhùn tuntun sínú Àkíyèsí karùn-ún tó yọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kúrò lára ẹ̀ka kọ̀ǹpútà bí wọ́n bá kó o wọlé lóun nìkan. Nínú àtúnṣe ti 2022, àkíyèsí yìí ti di ẹ̀kẹfà. Ẹni tó bá kó káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé lónìí, 8517.62 ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, níbi tí àwọn oníbodè Jámánì ti fẹ́ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdájọ́ Peacock kò sì lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, nítorí pé òfin tí wọ́n fi dá a kò sí nínú ìwé mọ́.